Àwọn Tí A Bí Lónìí

Ọkùnrin tó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ayé ni wọ́n bá nílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ rédíò, ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, kò sì mọ ẹni tó ń pe òun. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan ti là. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a níbẹ̀. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì lára bàbá rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí rẹ̀ bí ìrọ̀rí, ó sì ń ké sí aṣọ́nà pé kó sáré wá. Kí ọkọ̀ ọsibítù tó gbé bàbá lọ, aago méje ti ń lù. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́sàn-án, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti gbà pé ọmọ ló ti bàbá. Ẹjọ́ kì í pẹ́ dá lẹ́nu ẹni tí kò kàn.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá ti sún mọ́ ọdún ìfẹ̀yìntì. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó gbé báàgì kan kọ́ apá, okùn báàgì náà ti já rí, wọ́n sì ti tún un rán. Bẹ́ẹ̀-Ni làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ohun yòówù kéèyàn sọ fún un, "Bẹ́ẹ̀ ni?" ló máa fi dáhùn, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń kó wọn sí ìjọ̀gbọ̀n. Ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀ á tún dá òmíràn sílẹ̀, kó tó rántí pa ẹnu dé, ó ti sọ èyí tí kò fẹ́ sọ.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá," ni ọ̀gá àgbà wí. Ó dúró sídìí fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wo àwọn oníwèé ìròyìn méjì tó wà lẹ́nu géètì. "Lánàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá àtọmọ jà nínú yàrá ìwé lókè. Gbogbo wa la gbọ́. Láàárọ̀ yìí, èèyàn mẹ́rin péré ló wà nínú ọgbà yìí. Bàbá, ọmọ, aṣọ́nà tí kò kúrò lẹ́nu géètì, àti Ohùn-Oyin, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, tó wà lórí afẹ́fẹ́. Látàárọ̀ aago mẹ́fà títí di mẹ́fà ààbọ̀, gbogbo ìlú ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ta ló wá kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àpótí káàdì bàbá náà sì ti pòórá. Òpin oṣù yìí ni bàbá ń fẹ̀yìn tì, ó ti ní òun á gbé àpótí òun lọ sílé. Ọmọ ló jí i gbé. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ariwo ò dáa fún ilé-iṣẹ́."

"Ilé kan náà ni bàbá àtọmọ ń gbé?"

"Ilé kan náà ni."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mi orí. Ohun tó ti ń bọ̀ wálé fúnra rẹ̀, kí ni ọmọ ilé fẹ́ jí nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde. Ó ní kí wọ́n fi yàrá ìwé hàn òun.

Yàrá náà kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Tábìlì kan, àga kan, ìkọ̀wé méjì, pupa àti dúdú, àti ojú kan lórí pẹpẹ tí kò ní eruku, níbi tí àpótí máa ń wà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Kàlẹ́ńdà, fi ń jókòó síbẹ̀. Káàdì kan ló ní fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rin, torí kò fo ọjọ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tí a bí, àwọn tó kú. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ ìlú tó sì tẹ ewúrẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ pa. Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù há sínú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè fún wákàtí mẹ́rin, tó sì jáde pé òun ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, Ohùn-Oyin á ka káàdì ọjọ́ náà lórí afẹ́fẹ́, ìlú á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń múra iṣẹ́.

Òfin méjì ni bàbá ní, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri. Èkíní, mọ̀lẹ́bí òṣìṣẹ́ kankan kì í wọ káàdì. Ìyá ọ̀gá àgbà pàápàá pé àádọ́rùn-ún ọdún, bàbá ò kọ ọ́. Èkejì, ẹni tó bá kú, kí wọ́n fi ìkọ̀wé pupa fa igi lé e lórí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. A kì í kí òkú kú ọjọ́ ìbí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ka òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan ẹnu ìkọ̀wé pupa. Yíǹkì rẹ̀ ṣì rin. Ó kan dúdú. Òun náà rin, wọn ò sì dé ìdérí rẹ̀ padà.

Ẹnu géètì ló kọ́kọ́ lọ. Aṣọ́nà jẹ́ arúgbó tí rédíò kékeré kan kì í kúrò létí rẹ̀.

"Aago wo ni Bàbá Kàlẹ́ńdà wọlé, Bàbá?"

"Mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Bàbá yẹn kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ lónìí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, gbọ́ rédíò ẹ dáadáa lónìí.' Mo ní kí ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ẹni pé adití ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mo sì gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan gidi kan níbẹ̀, àfi kí wọ́n máa da orí èèyàn rú. Olú-ilé-iṣẹ́ ka ìròyìn títí aago mẹ́fà fi lù. Èyí tí wọ́n fi kádìí ẹ̀ ni pé Ẹsẹ̀-Wúrà kú lálẹ́ àná. Agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n sunkún ni Ohùn-Oyin gba ẹnu wọn, ó ní Ẹsẹ̀-Wúrà pé ọgọ́rin ọdún lónìí, kó pẹ́ fún wa. Mo ní, èwo ni ká gbà gbọ́? Àwọn kan ní ó kú, àwọn kan ní kó pẹ́. Rédíò ò ṣeé fi yangàn mọ́."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo rédíò kékeré náà. "Ọmọ bàbá ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sáré wọlé. Bàbá gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ sílé. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ni mo gbọ́ igbe."

"Ẹnì kan gbé ẹrù jáde láti ìgbà yẹn?"

"Ẹrù? Ọlọ́pàá tẹ́ ẹ fi síbí ń tú báàgì oúnjẹ ọ̀sán èèyàn wò. Àpótí wo ló máa gba ibí kọjá?"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpótí ṣì wà nínú ilé nìyẹn.

Atẹ̀wé ni ọmọ bàbá níbẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó sí yàrá kékeré tí àlejò máa ń dúró sí, ọlọ́pàá kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Jákẹ́ẹ̀tì bàbá wà lórí itan rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà sínú. Kò sunkún. Ó dà bí ẹni tó ti sunkún tán kí àwọn èèyàn tó dé.

"Kí lẹ jà sí lánàá, àbúrò?"

"Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Mo bá a tó ń yẹ káàdì wò, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọjọ́ ìbí ẹnì kan tó ṣe bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ní ìlú kan tí kò dé rí. Inú bí mi. Mo ní, 'Bàbá, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn tí ẹ ò rí rí. Èmi tí mò ń se oúnjẹ yín, ọjọ́ wo ni tèmi?' Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́, ilé ni ilé. Mo ní ó dáa. Mo ní kó lọ máa jẹ oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú káàdì. Ohùn mi ròkè, mi ò purọ́."

"Ọjọ́ wo wá ni tìẹ?"

"Òní ni, mà. Mo pé ọdún mọ́kànlélógójì lónìí."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan rẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò kí mi rí. Mo rò pé ó ti gbàgbé." Ó tẹ́ ọwọ́ lé jákẹ́ẹ̀tì náà. "Mi ò bá yín jiyàn pé ẹ fẹ́ mú mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọsibítù. Wọ́n ní kò tíì lajú. Bó bá lajú tí kò rí mi, ó máa rò pé mo ṣì ń bínú. Bí kò bá sì lajú mọ́..." Kò parí rẹ̀.

"Ìgbà tó o débẹ̀, ta lo rí?"

"Kò séèyàn. Mo kọ́kọ́ wá a lọ sí yàrá tí mo ti ń tẹ̀wé. Nígbà tí mo pẹ̀yìn dà ni mo rí i nílẹ̀. Ohùn Ohùn-Oyin ló ń dún jáde nínú gbohùngbohùn ara ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin àti ewúrẹ́. Mo ń pariwo, òun ń rẹ́rìn-ín."

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rántí pé mọ́kànlá ni ọ̀gá àgbà dá fún un, ó sì yára ẹsẹ̀.

Ohùn-Oyin wà nínú sitúdíò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ohùn ọkùnrin náà dùn lóòótọ́. Bó bá kéèyàn kú àárọ̀, á dà bí ẹni pé ẹ̀bùn ló fún un. Láàárọ̀, òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, òun ló ń tan ẹ̀rọ, òun ló ń pa á.

"Ó dùn mí wọra, mà," ló wí. "Bàbá mi ni bàbá yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni? Káàdì tòní wà níwájú yín nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀?"

"Ó wà níwájú mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá fúnra ẹ̀ ló gbé e wá fún mi ní aago mẹ́fà ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ kà á tán?"

"Mi ò fo ìlà kan."

"Káàdì náà dà báyìí?"

"Orí tábìlì yìí ni mo fi í sí. Nígbà tí mo parí ètò ni mo gbọ́ ariwo, mo sáré jáde. Nígbà tí mo padà, mi ò rí i mọ́."

"Kí aago mẹ́fà tó lù, kí lẹ máa ń gbọ́ nínú nǹkan tẹ́ ẹ fi sétí yẹn?"

"Ìròyìn láti olú-ilé-iṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ parí kí n tó lè gba ẹnu wọn."

"Kí ni wọ́n fi parí ẹ̀ lónìí?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì wá ń wá ọ̀rọ̀. "Òṣèlú ni. Ọ̀rọ̀ òṣèlú."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àti bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Òjò máa rọ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo òkè nípasẹ̀ fèrèsé. Oòrùn ń ràn kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn àwo orin àtijọ́ bí ogójì wà ní ìtòlélórí lórí ilẹ̀ lásán, eruku ọdún gbọọrọ wà létí wọn. Páálí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń rò ó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń rò. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn ìdájí ò ní kí Ẹsẹ̀-Wúrà kú ọjọ́ ìbí, àfi bó bá jẹ́ adití. Ẹni tí káàdì tòní wà níwájú rẹ̀ á rí igi pupa lórí orúkọ náà, torí yíǹkì pupa ṣì rin, bàbá ò sì fi òfin rẹ̀ ṣeré. Ohùn tó kí òkú wà lórí rédíò ní aago mẹ́fà, ìyẹn kò ní iyàn nínú. Ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe èèyàn. Téèpù á máa sọ̀rọ̀, bí ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sínú rẹ̀ tilẹ̀ wà ní ọjà.

Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ibi tí káàdì náà wà. Ó rántí arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀, tó ní kí aṣọ́nà gbọ́ rédíò dáadáa. Ó rántí ìkọ̀wé dúdú tí kò ní ìdérí. Igi pupa ni wọ́n ń fà lé òkú lórí. Kí ni bàbá wá fi dúdú kọ?

Ó ní kí wọ́n pe gbogbo wọn sí sitúdíò.

Ọ̀gá àgbà wá, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ́nà wá pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Ọlọ́pàá mú ọmọ bàbá wá, jákẹ́ẹ̀tì wà lápá rẹ̀. Ohùn-Oyin jókòó sórí àga rẹ̀, níwájú ẹ̀rọ.

"Ẹ bá mi ṣí páálí yẹn," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ fún ọlọ́pàá.

Wọ́n ṣí i. Àpótí káàdì wà nínú rẹ̀.

"Àwo orin ò ní ẹsẹ̀," ló wí. "Bí wọ́n bá kúrò nínú páálí wọn, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn fẹ́ wọbẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni lè gbé e síbẹ̀," ni Ohùn-Oyin wí, ohùn rẹ̀ ò tíì yẹ̀. "Mo jáde nígbà tí mo gbọ́ ariwo, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ yìí wà nítòsí."

"Òótọ́ nìyẹn náà," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wá káàdì tòní nínú àpótí. Ti àná wà níbẹ̀, ti ọ̀la wà níbẹ̀. Àyè tòní ṣófo. Ó yíjú sí ọmọ bàbá. "Àbúrò, o ti wo àpò jákẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Rárá, mà."

"Bá mi wò ó."

Obìnrin náà tú u, ó ki ọwọ́ bọ àpò inú lápá òsì. Ó mú káàdì kan jáde. Ó ti tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò kàn án. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbà á kí ó tó lè kà á, ó gbé e sí iwájú Ohùn-Oyin.

"Ẹ ní ẹ kà á láàárọ̀, ẹ ò fo ìlà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wa bí ẹ ṣe kà á. Ohùn yẹn gan-an."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbé káàdì náà. Ó tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà. Àwọn tí a bí lónìí." Ohùn náà dùn bí ó ṣe máa ń dùn. Ojú rẹ̀ kan ìlà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti ń kà á kó tó mọ̀.

"Lónìí, ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, ní ìdájí, nínú òjò, ni a bí ọmọ mi kan ṣoṣo. Mo rú òfin mi lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Mo rántí. Kò sí ọdún kan tí mi ò rántí. Kú ọjọ́ ìbí, ọmọ mi."

Kò ka ìlà kejì. Orúkọ Ẹsẹ̀-Wúrà ló wà níbẹ̀, igi pupa wà lórí rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ìyẹn láàárọ̀," ni aṣọ́nà wí. "Etí mi méjèèjì ló wà lórí rédíò. Mi ò gbọ́ ọ."

Ọmọ bàbá ti fi jákẹ́ẹ̀tì bo ojú.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fa àga kan, ó jókòó, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan.

"Láti oṣù mẹ́rin ni," ni Ohùn-Oyin wí. Ohùn oyin ti lọ, tèèyàn lásán ló kù. "Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wo káàdì ọjọ́ kejì, tí mo ń kà á sí téèpù, mà. Bó bá di àárọ̀, mo kàn ń tan ẹ̀rọ, kí n lè lọ sí yàrá ìwé lọ ṣe àdàkọ káàdì. Bàbá ti ní òun á gbé àpótí lọ sílé. Kí ni mo fẹ́ máa sọ láràárọ̀? Gbogbo ìlú rò pé èmi ni mo mọ gbogbo rẹ̀. Lónìí mo ní kí n kúkú gbé àpótí náà. Bàbá kì í dé kí ètò tó parí, mi ò mọ̀ pé ó ti dé. Ó ń bọ̀ wá fún mi ní káàdì, ó bá sitúdíò lófo, ó padà, ó bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ń gbọ́ ohùn mi nínú gbohùngbohùn, ó sì ń wò mí. Ó di àpótí mú. Mo fà á, òun náà fà á. Mi ò tì í, mà. Mo kàn fà á ni."

"Ẹ sì gbé àpótí, ẹ fi bàbá sílẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọlọ́pàá mú un lápá. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méje. Ọ̀gá àgbà ń wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rí báyìí.

"Bẹ́ẹ̀ ni?" ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, kò sì dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti di ọmọ bàbá lọ́wọ́ mú, wọ́n ti ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

Ọsán ti pọ́n kí bàbá tó lajú. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé ó lè má rántí bó ṣe ṣubú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ da ọ̀rọ̀ bò ó. Ọmọ rẹ̀ jókòó síbi orí rẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lápá.

Arúgbó náà wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀.

"Ṣé ó kà á?"

"Ó kà á, Bàbá," ni ọmọ wí. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. "Ìlà àkọ́kọ́ ló kà. Mo gbọ́ ọ."

Bàbá ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹ ọ̀rọ̀ wò kì í gba ẹnu ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ó yí ojú sí àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, kò sì fi í ṣe ìbéèrè.